Ìwé Ìbéèrè fún Owó Ìkọ́ṣẹ́: Láti Abẹ́òkúta dé Navy Town

Ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí ojú ń tì mí láti fi hàn yín, ṣùgbọ́n n óò fi hàn. Èmi ni mo kọ ọ́, ní ọdún kejì mi ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọ̀jọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ ni ó kéde pé òun yóò fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní owó tí wọn yóò fi lọ kọ́ṣẹ́ ní àkókò ìsinmi gígùn, kí wọn baà lè fi ọwọ́ ṣe ohun tí wọ́n ti ń fi etí gbọ́ ní kíláàsì. Ìtàn ni mò ń kọ́. Mo fẹ́ lọ sí ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, kí n lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, kí n sì mọ bí a ti ń wá ìwé àtijọ́ kàn, bí a ti ń kà á, àti bí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Mo jókòó, mo kọ ìwé ìbéèrè olójú ewé mẹ́ta.

Ojú ewé kìn-ín-ní, ìyìn ni. Mo pe àwọn tí ó ni owó ní òpómúléró, mo pè wọ́n ní baba aláìníbaba. Ojú ewé kejì, ẹkún ni: bàbá mi tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun ojú omi, àwọn àbúrò mi mẹ́rin, yàrá méjì tí a ń gbé ní bárékè ní Navy Town, àti ìyá mi tí ń ta ẹja yíyan ní Okokomaiko. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ojú ewé kẹta, ìlérí ni, pé bí wọ́n bá fún mi ní owó náà, n óò gbé orúkọ Nàìjíríà ga yí gbogbo ayé ká. Nínú ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dárúkọ Ìbàdàn, n kò sì sọ ohun tí mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdáhùn dé, ìlà méjì péré. Wọn kò fún mi.

Inú bí mi. Mo ń sọ káàkiri pé ẹni tí kò bá mọ ènìyàn níbẹ̀ kò lè rí i gbà. Ọ̀rọ̀ yìí ni mò ń sọ lọ́wọ́ nínú ilé ní alẹ́ ọjọ́ kan tí bàbá mi fi ní kí n gbé ẹ̀dà ìwé náà wá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní:

“Akin, bí ẹ́ńjìnnì bá bàjẹ́, tí mo bá ń kọ̀wé sí sítọ́ọ̀ láti gba ohun èlò, ǹjẹ́ o rò pé mo máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ebi ń pa mí?”

Mo ní, “Rárá, bàbá.”

“Irú ẹ́ńjìnnì tí ó jẹ́ ni mo ń kọ, àti ibi tí ó ti bàjẹ́, ohun èlò tí yóò tún un ṣe, iye rẹ̀, àti ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò padà sí ojú omi. Ẹni tí ó wà ní sítọ́ọ̀ kò mọ̀ mí. Ìwé ọwọ́ mi ni yóò wò. Àwọn tí ìwọ kọ̀wé sí yìí, kí ni o fẹ́ kí wọ́n mú fún ọ láti orí pẹpẹ? Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i.”

N kò rí èsì kankan fọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, mo padà sí ìdí iṣẹ́ mi, èyí tí í ṣe ìtàn. Mo fẹ́ mọ bí àwọn ènìyàn wa ti ṣe ń tọrọ ìkọ́ṣẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ẹni tí ó ń sanwó rẹ̀, àti ohun tí ẹni tí ó sanwó ń retí.

Kí ìwé tó dé ilẹ̀ wa ni ìbéèrè ti wà. Baba tí ó bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ di alágbẹ̀dẹ tàbí agbẹ́gilére kì í rán ọmọ náà nìkan lọ. Òun àti àgbà kan nínú ẹbí ni wọn yóò jọ lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ọ̀gá yóò sì bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọmọ ta ni? Ǹjẹ́ ó ń tètè jí? Kí ni ó ti mọ̀ ọ́n ṣe? Ọdún mélòó ni yóò lò? Ta ni yóò máa bọ́ ọ? Bí ó bá sá lọ ńkọ́, ọ̀dọ̀ ta ni a ó ti béèrè rẹ̀? Bí wọ́n bá dáhùn tí ó tẹ́ ọ lọ́rùn, ọ̀rọ̀ di ti obì àti ọtí, ọmọ náà a sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ẹwìrì. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀gá kò béèrè bí ẹbí ọmọ náà ti tálákà tó. Ìyẹn hàn lójú, kò sì sọ bóyá ọmọ náà yóò lè di irin gbígbóná mú. Gbogbo ohun tí ìwé ìbéèrè òde òní ń béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ti béèrè wọn rí. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé nísinsìnyí a kò rí ojú ẹni tí ń béèrè, àgbà tí ó bá wa lọ sì ti di orúkọ olùkọ́ méjì ní ìsàlẹ̀ ìwé.

Ẹni tí ń gbé Navy Town kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lónìí. Ní ọjà Alábà, tí ó kó dé Ọ̀jọ́ ní nǹkan bí òpin àwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ Ìgbò a máa gba ọmọ síṣẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Ọ̀gá ń bọ́ ọmọ náà, ó ń fún un nílé gbé, kò san owó oṣù fún un, ṣùgbọ́n ní òpin rẹ̀ ó gbọ́dọ̀ fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Mo ti rí àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọn kò wọ yunifásítì tí wọ́n gba òmìnira báyìí, tí wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn nígbà tí èmi ṣì ń kọ ìwé ìyìn.

Nígbà tí ìwé kíkọ wá wọ ọ̀rọ̀ náà, Abẹ́òkúta wà lára ibi tí ó ti kọ́kọ́ hàn gbangba. Àwọn oníwàásù ìjọ C.M.S. dé ibẹ̀ ní 1846. Henry Venn, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà ìjọ náà ní Lọ́ńdọ̀nù, gbà pé òwò ẹrú kò lè tán bí kò bá sí òwò mìíràn tí yóò rọ́pò rẹ̀, ó sì gbà pé òwú ni òwò náà. Ní Manchester, Thomas Clegg, oníṣòwò òwú, ṣe tán láti rà á. Ṣùgbọ́n òwú tí a kò yọ kóró inú rẹ̀, tí a kò sì dì dáadáa, kò ṣeé kó sínú ọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Lẹ́yìn 1850 ni a wá mú ọ̀dọ́mọkùnrin Sàró kan tí ó ń jẹ́ Henry Robbin lọ sí Manchester, sí ọ̀dọ̀ Clegg, kí ó lọ kọ́ bí a ti ń lo ẹ̀rọ òwú, bí a ti ń dì í àti bí a ti ń tà á. Nígbà tí ó padà, òun àti Samuel Crowther kékeré, ọmọ Àjàyí Crowther, ni wọ́n jọ ń bójú tó ilé ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ tí a dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ́ sílẹ̀ ní 1861, tí òwú wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ti wà ní ilé wa.

Ohun tí mo rí fà yọ níhìn-ín ni pé kí Robbin tó wọ ọkọ̀, gbogbo ènìyàn ni ó mọ iṣẹ́ tí ó ń lọ kọ́, ẹni tí yóò kọ́ ọ, àti ohun tí yóò fi iṣẹ́ náà ṣe bí ó bá padà. Ohun kan sì tún wà tí kò yẹ kí a fi pamọ́. Clegg ń wá èrè. Ìjọ ń wá ọmọ ìjọ àti òpin òwò ẹrú. Kò sí ẹni tí ń sanwó ìkọ́ṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ tí kò ní ohun tí ó ń wá, ẹni tí ó bá sì ń kọ ìwé ìbéèrè gbọ́dọ̀ mọ ohun náà, kì í ṣe kí ó lè máa pọ́n ọn lé bí mo ti ṣe, bí kò ṣe kí ó lè mọ ibi tí ọ̀nà tirẹ̀ àti ọ̀nà tiwọn ti pàdé, àti ibi tí wọn yóò ti yà.

Ọ̀rọ̀ yíyà yìí ni ó mú mi dé ọ̀dọ̀ Herbert Macaulay, èyí tí ó sì wù mí jù nínú gbogbo ohun tí mo kà. Èkó ni a bí i sí ní 1864. Bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. Grammar School tí a dá sílẹ̀ ní 1859, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní 1881 ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka P.W.D. ní Èkó, iṣẹ́ akọ̀wé kékeré sì ni. Ó ń to ìwé ẹ̀bùn ilẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ó ń ṣe àdàkọ wọn, ó ń ya àwòrán ilẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó lò nínú eruku ìwé ilẹ̀ yẹn. Ní 1890, ní àkókò Gómìnà Moloney, ìjọba Èkó fi owó ìjọba rán an lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú Plymouth ni ó lọ, sí abẹ́ G. D. Bellamy, ẹni tí ó ń wọn ilẹ̀ tí ó sì ń bójú tó omi ìlú náà. Níbi tí iṣẹ́ gbé ń lọ ni ó ti kọ́ ọ, lábẹ́ ojú ẹni tí ń fi iṣẹ́ náà jẹun, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ó padà dé ní 1893, ó sì di awọnlẹ̀ fún ìjọba.

Àwọn kan yóò ní orúkọ ìdílé ni ó gbé e débẹ̀. N kò jiyàn pé ọmọ-ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù kò rí ilẹ̀kùn ju ọmọ alágbàṣe lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ìdílé ńlá pọ̀ ní Èkó ní 1890. Ọdún mẹ́sàn-án tí ó lò nídìí ìwé ilẹ̀ ni mo kà sí ìwé ìbéèrè rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá owó náà yóò ṣègbé lè ṣí dúrọ́ọ̀, kí ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀nà ti yà. Ní 1898 ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì di ẹni tí ń bá ìjọba jà. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olóyè Olúwa ní Àpápá, tí ẹjọ́ náà sì dé Lọ́ńdọ̀nù, Macaulay ni ó bá Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, lọ ní 1920. Ní 1921 àwọn adájọ́ Privy Council dá a pé àwọn ìdílé ni ó ni ilẹ̀ náà, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ fún wọn. Ìjọba tí ó sanwó kí ọmọ Èkó lọ kọ́ bí a ti ń wọn ilẹ̀ ni ọmọ Èkó náà bá ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀. Àwọn baba wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nígbàkúùgbà tí mo bá kọjá ní Àpápá, mo máa ń rántí pé ìwé ilẹ̀ tí akọ̀wé kékeré kan ń ṣe àdàkọ rẹ̀ ní 1881 wà lára ohun tí ó fún un ní agbára.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tiwa, ọ̀rọ̀ owó ìkọ́ṣẹ́ di ti ìjọba pátápátá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tí ń jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n wọn kò mọ irinṣẹ́. Ní 1971 ìjọba fi òfin dá Industrial Training Fund sílẹ̀, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jos. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni ó ń dá owó sí i, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn ni òfin sì ń béèrè lónìí. Ní 1973 ni ètò SIWES bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní I.T. Akẹ́kọ̀ọ́ a lọ sí ilé-iṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, a máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú lọ́ọ̀gìbúùkù, ọ̀gá ibi iṣẹ́ àti olùkọ́ a sì fọwọ́ sí i. Kò pẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi pọ̀ ju àpò lọ. Ní 1978 I.T.F. ní apá òun kò ká a mọ́, ètò náà bọ́ sí ọwọ́ àwọn àjọ tí ń ṣàkóso yunifásítì àti pólì, kí ó tó padà sí ọwọ́ I.T.F. láàrin 1984 sí 1985. Fún ọdún púpọ̀, ₦2,500 ni wọ́n ń kà fún oṣù kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ pé iṣẹ́ ti parí kí owó tó dé. Síbẹ̀, ẹni tí ó ti lo I.T. mọ ohun tí ó ti ibẹ̀ mú wá. Bí ìgbà I.T. bá dé, ẹ ó rí àwọn ọmọ yunifásítì wa ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, tí wọ́n ń ti géètì kan bọ́ sí òmíràn.

Àwa tí ń kọ́ Ìtàn kò sí nínú ètò yìí. Àwọn tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì, ẹ̀rọ, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti irú wọn ni a dá a sílẹ̀ fún, bí ẹni pé òpìtàn kò ní irinṣẹ́. Ó ní irinṣẹ́. Nígbà tí Kenneth Dike ṣètò ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ní 1954, tí òfin rẹ̀ sì jáde ní 1957, ó mọ̀ pé bí kò bá sí ibi tí a kó ìwé sí, àwọn àjèjì ni yóò máa sọ ìtàn wa fún wa. Ibẹ̀ ni ibi ìkọ́ṣẹ́ wa. Nítorí náà, ìwé ìbéèrè nìkan ni ó kù fún ọmọ Ìtàn tí kò lówó. Bí kò bá mọ̀ ọ́n kọ, yóò jókòó sílé.

Ní ọdún kejì, ilé-iṣẹ́ náà tún polówó. N kò kọ ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo kọ́kọ́ lọ sí yàrá ìkàwé wa, mo wá gbogbo ìwé tí ó mẹ́nu kan Ọ̀jọ́ àti Ìbà. Ìlú Àwórì ni méjèèjì, Ọlọ́jọ̀ọ́ sì wà, Oníbà sì wà, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí kà nípa wọn kò kún ọwọ́. Mo rí i nínú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé kan pé ìwé àwọn òyìnbó tí ó ṣàkóso agbègbè Àgbádárìgì wà ní Ìbàdàn. Mo kọ̀wé síbẹ̀, mo béèrè bóyá wọn lè gba akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì dá mi lóhùn. Mo lọ bá olùkọ́ mi ní oṣù kan ṣáájú ọjọ́ ìparí, kì í ṣe ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà bí ti ọdún tí ó kọjá, kí ó lè ráyè kọ ohun tí ó mọ̀ nípa mi. Ó bi mí bóyá mo lè ka ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́. N kò lè kà á. Ó fún mi ní ẹ̀dà ojú ewé mẹ́wàá, mo ń tú u bí ẹni tú ìdì okùn, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí yé mi.

Ìwé tuntun náà jẹ́ ojú ewé kan àti àbọ̀. Mo sọ ohun tí mo ń wá: ìwé tí ó kan Ọ̀jọ́ àti Ìbà láàrin ìwé agbègbè Àgbádárìgì. Mo sọ ìdí rẹ̀, pé ọ̀nà ńlá, ọjà àti bárékè ti gbé ilẹ̀ àwọn Àwórì mì débi pé àwọn ọmọ ibẹ̀ gan-an kò mọ ìtàn rẹ̀ mọ́, àti pé èmi náà ọmọ bárékè ni mí, orí ilẹ̀ náà ni mo dàgbà sí láìmọ ẹni tí ó ni ín. Gbólóhùn kan yìí nìkan ni mo fi sọ̀rọ̀ ara mi. Mo kọ ohun tí mo lè ṣe, mo sì kọ ọ́ pé ìwé àfọwọ́kọ ṣì ń dà mí láàmú díẹ̀. Mo to iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ti owó, mo béèrè owó ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ fúnra rẹ̀ ní Mile Two, mo béèrè owó ibùsùn ní Ìbàdàn, mo ka owó ẹ̀dà ìwé àti ti pẹ́ńsùlù, nítorí a kì í mú bírò wọ ibẹ̀. N kò bù mọ́ ọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, pé wọn yóò gé e. Mo rò ó títí, mo kọ̀, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá ọgbọ́n ni tàbí agídí. Ní ìparí, mo sọ ohun tí n óò mú bọ̀: ìwé atọ́ka gbogbo ohun tí mo bá rí, tí n óò fi sí yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bàbá mi kà á. Ó ní, “Ẹni sítọ́ọ̀ yóò rí i.”

Wọ́n gé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n sanwó rẹ̀ nínú oṣù mẹ́ta tí mo béèrè. Mo lọ. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ bi mí pé, “Kí ni o fẹ́ wò?” Mo ní, “Ohun tí mo fẹ́ wò nìyí, ẹ̀gbọ́n,” mo sì fún un ní ètò ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ sínú ìwé. Kí aago mọ́kànlá tó lù, fáìlì àkọ́kọ́ ti wà níwájú mi. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà n kò dé ibi tí mo fẹ́ dé. Ìdajì ìwé tí ó kan Ìbà ni n kò fọwọ́ kàn.

Ìwé atọ́ka náà wà ní ẹ̀ka wa. Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọbìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì kejì lò ó, ó wá bá mi pé nọ́ńbà fáìlì méjì ni mo kọ ní àṣìkọ. Mo tún un ṣe. Ó ní òun fẹ́ lọ parí ti Ìbà, ó sì béèrè bóyá òun lè rí ìwé ìbéèrè tí mo kọ. Bàbá mi ti fẹ̀yìn tì, a ti kó kúrò ní Navy Town lọ sí Ìbà, ẹrù púpọ̀ ni ó sì ṣì wà nínú àpótí. Mo tú àpótí náà, mo rí ìwé méjèèjì, èyí tí wọ́n kọ̀ àti èyí tí wọ́n gé, mo sì kó méjèèjì fún un.